Ìdajì Tó Sọnù ní Akọ́kà

Ràlíátù ní etí ayé ni òun ti ń ṣírò.
Mo ní èmi wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún.
Tábìlì kan náà la sì jókòó sí,
àjà kẹta, Akọ́kà, fèrèsé tó kọjú sí ọ̀sà,
oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó yọjú wo ìwé ẹnì kejì.

Ayé tirẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò jìn.
Nǹkan kì í já bọ́ níbẹ̀, torí kò sí òòfà tó ń fà á.
Eérún lásán ni, tó ń di ara wọn mú:
ó yà wọ́n, ó tún yà wọ́n,
igba ojú ìwé, ó di irinwó,
ibi tí ìdìmú náà bá ti le
ìṣirò kì í tán níbẹ̀, bíbí ló ń bí sí i.
Ó kó o lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, ọjọ́ mọ́kànlá,
fáànù rẹ̀ ń mí bí ẹni tó gun àkàsọ̀.

Tèmi jìn. Mo so okùn kan mọ́ etí ayé níbi méjì,
mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó rọ̀ sínú ibú
bí okùn ìsáṣọ ìyá mi ní Ṣómolú
tí aṣọ tútù bá wúwo lórí rẹ̀.
Mo wọn bó ṣe rọ̀ tó.
Ojú ìwé méjì àbọ̀. Mo lọ jẹun.

Wọ́n ní ohun kan náà la ó bá bọ̀.
Wọ́n ní ohun tó le lọ́dọ̀ rẹ̀ ló rọ̀ lọ́dọ̀ mi,
ibi tí okùn mi bá ti ta kókó tí kò ṣe é tú
ni tirẹ̀ á wá di ení, èjì ọmọdé.
Ẹnikẹ́ni ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ tán.
À ń dán an wò ni, bí ẹni ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú omi.

Kò ní ya bàbá mi lẹ́nu, atẹ̀wé ni.
Á gbé páànù lẹ́tà sókè síná, pẹlẹbẹ,
gbogbo lẹ́tà kọjú sódì,
á ní: "Odidi ìwé ló wà níbí o.
Ìwọ lo ò mọ apá ibi tí wọ́n ti ń kà á."

Alẹ́ Ọjọ́rú la wá ṣí ìwé.
Tirẹ̀ jẹ́ ìdajì tèmi. Ìdajì géérégé.
Mo ní eérún rẹ̀ kan ti bọ́ sọnù.
Ó ní okùn tèmi ló já.
Wọ́n mú iná lọ, a ò dákẹ́,
a ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tú ìlà kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà,
títí mo fi bi í pé, "Lẹ́tà yìí,
tó o pè ní àlàfo, níbo lo ti wọ̀n ọ́n?"
"Láti àárín."
"Àárín kẹ̀? Èmi, láti etí dé etí ni."
Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọlọ́kọ̀ Èbúté Èrò ni mí;
àárín omi la ti ń bi ara wa
pé báwo lèbúté ṣe jìn tó."

Kò sí èyí tó ṣì nínú àwa méjèèjì.
Ọ̀rọ̀ kan la pè lóhùn méjì.

Lóde, iná afárá gígùn rọ̀
fọ́nrán fọ́nrán sínú ọ̀sà.
Ràlíátù ń wo ojú omi, èmi ń wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.
Nọ́ńbà márùn-ún ti bára mu.
Ìkẹfà ṣì ń ṣorí kunkun.
"Tìẹ ni," ó wí. Mo ní, "Tìẹ ni."
A tún fa àga mọ́ra.