Sánmà Híhun

Ní Ògìdì, lábẹ́ àpáta, lọ́sàn-án ọyẹ́ kan,
Áfà Súbérù na gègé rẹ̀ sókè:
méje ni sánmà, ọ̀kan lórí èkejì,
kò sí òpó kan tí ojú yín lè rí.
Àwa mẹ́tàlá gbójú sókè, wàlá lórí itan.
Mo wá òpó náà títí.
Àwòdì kan ni mo rí.

Ó ní àwọn òkè ni èèkàn ilẹ̀.
Mo gbà. Ta ni yóò fa àpáta Ògìdì tu?
Ó ní a ti rán ilẹ̀ àti sánmà pọ̀ rí
kí Ọlọ́hun tó tú ojú rírán wọn;
ó ní èéfín ni sánmà nígbà náà, a sì pe àwọn méjèèjì:
ẹ máa bọ̀, ẹ fẹ́ o, ẹ kọ̀ o.
Wọ́n ní, à ń bọ̀, tìfẹ́tìfẹ́.
Lẹ́yìn náà ló ka ìbúra kan fún wa:
mo fi sánmà ọlọ́nà híhun búra.

Híhun kẹ̀?

Ìyé Rábì wà nídìí òfì, kò gbé àpásà sílẹ̀.
"Òfì wo ni kò lópó?
Ta ní ń bá a di òwú rẹ̀ mú kó le?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
omi ni gbogbo ibí yìí rí, ìyá tèmi ló wí bẹ́ẹ̀,
iyẹ̀pẹ̀ inú ìkarahun ìgbín,
adìẹ ọlọ́mọ-ìka-márùn-ún tó tàn án ká.
"Má rò ó fún Áfà."
Adìẹ tiwa ń tan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ẹni tó gbọ́.

Ní Kàbà, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, nínú yàrá ìkàwé tó ń jò,
mo pàdé àwọn ará Bábílónì:
òrìṣà wọn pa ìyá òkun, ó là á bí ẹja gbígbẹ,
ó fi ìdajì rẹ̀ ṣe òrùlé.
Mo pàdé obìnrin Íjíbítì tó tẹ̀ bo ayé, ìràwọ̀ lára,
tó ń gbé oòrùn mì lálaalẹ́, tó ń bí i láàárọ̀.
Àwọn kan ní Íńdíà gbé ayé lé erin, wọ́n gbé erin lé ìjàpá.
Ìjàpá ńkọ́?
Ìwé náà dákẹ́.

Mo ronú kan ti Áfà: kò sẹ́ni tó jà,
kò sí òkú tí a fi kọ́lé.
Síbẹ̀, òun náà ti kà á sí wa létí rí
pé orí omi ni Ìtẹ́ wà kí ilẹ̀ tó wà.
Omi, Ìyé. Omi náà ni.
N kò rò ó fún ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, wọ́n ń fi dánámáìtì fọ́ òkè l'Ọ́bájánà,
wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń tà á.
Bí ilé bá mì díẹ̀, mo máa ń ka iye èèkàn tó kù.

Ìyé ti lọ. Aṣọ tó hun dé ìdajì ṣì wà lórí òfì.
Ikán ti jẹ inú òpó ọwọ́ òsì tán,
èèpo rẹ̀ nìkan ló dúró.
Mo fọwọ́ kan òwú náà.
Ó ṣì le.