Ìwé Akápò

Lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́, mo ṣe bí ọ̀rọ̀ dídùn ló ń tú àpò olówó.
Mo kọ lẹ́tà mọ́kànlá, mo fi òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ lù wọ́n nísàlẹ̀,
mo kó wọn sínú fáìlì aláwọ̀ ewé,
mo gba Òkè-Fìà lọ sí Ìgbóná
nínú Dátísọ̀n baba mi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ò ṣeé ṣí láti inú.
Ilé ìfowópamọ́ ní kí n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́dẹ.
Oníbúrẹ́dì ní kí ló kan búrẹ́dì nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò ìjàpá.
Ẹnìkan bi mí pé, "Bí ẹ ṣe dàgbà tó yìí, eré lẹ̀ ń ṣe?"
N ò rí èsì fọ̀.

Alàájì Múfútàù ni ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.
Bátìrì ló ń tà l'Álékúwodò,
ásíìdì ti jẹ etí ṣòkòtò rẹ̀ bí ìgbà tí eku bá jẹ ẹ́.
Ó ti fáìlì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jáde sínú oòrùn,
ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Dátísọ̀n,
ó wò ó títí bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó ti pẹ́ nírìnàjò.
"Irú èyí ni mo fi kọ́ṣẹ́."
Ó ka owó.
Kò ka lẹ́tà.

Ọjọ́ àfihàn kò. Ọkọ̀ mẹ́tàlélógún ní pápá iwájú ibùdó rélùwéè,
Pijó funfun, ìjàpá aláwọ̀ ọsàn,
Mọ́rísì kan tí a fọwọ́ tì dé ibẹ̀.
Orúkọ Alàájì ga lórí aṣọ tí a ta sáàárín òpó méjì,
àmọ́ lẹ́tà kan sọnù níbẹ̀: Múfútà la kọ.
Kò wí nǹkan kan.
A rẹ́rìn-ín, a ya fọ́tò, a jẹun, a tú ká.

Oṣù mẹ́wàá kọjá kí ẹsẹ̀ mi tó tún kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Fáìlì ewé yẹn náà ni mo gbé dání.
"Akápò, ẹ káàbọ̀. Ó ti tún tó àkókò owó nìyẹn?"
Ìyẹn nìkan. Ó ń nu bátìrì rẹ̀ lọ.
Mo ti gbọ́ èébú rí; èyí ju èébú lọ.
Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni:
mo wo ọwọ́ ara mi, bóyá ẹrù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

N ò yọ lẹ́tà. Mo ra bátìrì kan, mo lọ.
Nílé, mo la ìwé tuntun, mo fa ìlà sí i:
ta ló ti ná kọ́bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ràn wá lọ́wọ́?
Gbàdébọ̀ onímọ́rísì: rárá, Ìbàdàn ló ti ra tirẹ̀.
Sístà Morílíátù: rárá.
Èmi: lánàá.
Mo kà á sétí ìpàdé. Ilé pa lọ́lọ́.
Mo ní, "A fẹ́ kí wọ́n mọ nọ́ńbà mọ́tò wa lórí,
àwa ò mọ orúkọ wọn kọ."

Ó ti di ọdún mẹ́fà.
Ní Sátidé tó bá parí oṣù, ọkọ̀ kan nínú wa a yà l'Álékúwodò,
kì í tọrọ nǹkan kan, a kàn fọn fèrè,
Alàájì a jáde, a dẹtí sí ẹ́ńjìnnì,
a ní, "Púlọ́ọ̀gì yín kan ti kú."
Ìwé mi ti dé ojú ewé ogójì.
Oníbúrẹ́dì pàápàá ránṣẹ́, ó ní kí n mú lẹ́tà wá.
Mo ní kò sí lẹ́tà mọ́,
búrẹ́dì ni mò ń bọ̀ wá rà.

Aṣọ tuntun dé láti ilé ìtẹ̀wé láàárọ̀ yìí.
A tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Dátísọ̀n.
Alàájì fi ìka dúdú tọ orúkọ ara rẹ̀,
lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé èyí tó kẹ́yìn.
Ó ní, "Ó pé."