Ọjọ́rú Ni Tiwa

Ọdún tí ìyá mi kú,
a ò mọ ohun tí a ó fi ọdún Àjíǹde ṣe.
Òun ló máa ń ṣáájú wa lọ sí Gálílì ní Mọ́ńdè,
lábẹ́ igi máńgòrò n'Ítòkò.
Òun ló mọ iye abọ́, òun ló mọ ẹni tí kì í jẹ ata.
Ilé tí a yá n'Íbarà kò ní máńgòrò.
Àpáta ló ní, ó jókòó sẹ́yìnkùlé
bí àlejò tí kò sọ ìgbà tí yóò lọ.

Ní Ẹtì Rere, ìyàwó mi wà lẹ́nu iṣẹ́ n'Ídì-Àbà,
ó ń gbẹ̀bí fún ìyàwó oníyàwó.
Mojírádé gbé agolo mílíìkì jáde.
Bọ́dúnrìn bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ó bu ìyókù sí irun ara rẹ̀.
A sin hóró àgbàdo mẹ́ta,
a fi òkúta pẹlẹbẹ dé e lẹ́nu.
"Lọ́jọ́ kẹta," mo wí bíi wòlíì,
"a ó yí òkúta náà kúrò."
Ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà sábẹ́ òkúta,
n ò bi àgbẹ̀ kankan léèrè.

Ọjọ́ Àìkú, àkùkọ ò tí ì kọ,
ẹsẹ̀ kékeré ti wà lórí ikùn mi.
A gbé àtùpà dé ẹ̀yìnkùlé.
Páànù ìlú ṣì dúdú nísàlẹ̀.
Bọ́dúnrìn fi ọwọ́ méjèèjì yí òkúta.

Yẹ̀pẹ̀.
Yẹ̀pẹ̀ lásán, àti kòkòrò kan tó sáré wọlẹ̀.

Ó wo agolo, ó wò mí,
ó bú sẹ́kún tó jí ajá aládùúgbò.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Má sunkún.
Jésù ló yára ju àgbàdo lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn wọlé bá wa, bàtà funfun lọ́wọ́,
ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, kò rẹ́rìn-ín.
"Ẹ dé e padà. Ọmọ tí mo gbà lóru yìí,
ọjọ́ méjì gbáko ni ìyá rẹ̀ fi rọbí."
A dé e. A gbé èékánná dúdú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, ibi iṣẹ́ ni mo wà tí fóònù dún:
"Bàbá, ó ti jí! Méjì ti jí, ọ̀kan ṣì ń sùn!"
Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó:
funfun, ó ká kò bí ìka ọmọ tuntun.

Lọ́dún yìí, mo ní kí a tètè gbìn ín ní Ọjọ́ Ajé,
kí ó lè bá Àìkú mu.
Bọ́dúnrìn kọ̀ jálẹ̀. Ó ti pé ọdún márùn-ún, ó ti lófin:
Ẹtì là ń gbìn. Àìkú là ń ṣí i, tí a kì í bá nǹkan.
Òun yóò sì sunkún díẹ̀; ó ní ó wà nínú ètò.

Hóró mẹ́rin la gbìn.
Ìkẹrin, Mojírádé ní ti Màmá Ìtòkò ni, agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀.
Òkúta rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó ṣí i wò.
A kàn ń bomi rin ín.