Ìkòkò Tó Ń Làágùn

Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀,
Àjàrátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ amọ̀kòkò Dada.
Amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná ìyá rẹ̀.
Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ibà ni. Ọjọ́ mẹ́rin rèé.
Gbogbo egungun ń fọ́ ọ,
ẹyinjú ń dùn ún látẹ̀yìn
bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tì í síta."

A yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà tí a mọ̀: kò sí.
A tún un yẹ̀ wò: kò sí.
Dókítà Ọláìtán wo àmì pupa wínníwínní
tó fọ́n sí ojúgun ọmọ bí osùn tí wọ́n wọ́n.
Ó ní, "Dẹ́ńgè ni."
Ìyá ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní ẹ̀fọn ni,
àmọ́ kì í ṣe èyí tí ń kùn létí ẹni lóru,
tí àwọ̀n ń dá dúró lójú ibùsùn.
Èyí kọlà funfun sẹ́sẹ̀,
ọ̀sán gangan ló ń jẹun,
omi tó mọ́ ló ń yé ẹyin sí,
omi òjò, nínú ohun tí a gbàgbé síta.
Ìyá wolẹ̀.
Mo mọ ohun tó ń rí:
ọgọ́rùn-ún ìkòkò lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n yanu sójò.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ karùn-ún, ara ọmọ tutù.
Ìyá fò sókè: "Alihamudulilai! Ibà ti fi ọmọ mi sílẹ̀!"
Ó fẹ́ di ẹrù. Ó fẹ́ ra wàrà fún gbogbo wa.
Ṣùgbọ́n ìgbà tí ibà yìí bá fini sílẹ̀ ni ẹ̀rù máa ń bà mí.
Mo di ọwọ́ ọmọ mú: òkúta ìsàlẹ̀ odò Àsà.
Iṣan ọrùn ọwọ́ ń sọ wéréwéré,
bí ẹni tó ń sá tí kò fẹ́ ká gbúròó ẹsẹ̀ òun.
Inú ń dùn ún. Ó bì lẹ́ẹ̀mẹta. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.
Èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ki bí ọ̀gì.

"Ṣebí ibà ti lọ!" Ìyá kígbe mọ́ mi.
N kò rí ọ̀rọ̀ ìwé kankan sọ.
Mo ní, "Ìyá, ẹ ti sun ìkòkò rí tí iná kò jẹ jinná?
Kò sán. Kò fọ́.
Ẹ pọnmi sí i, ilẹ̀ mọ́, ìdí rẹ̀ tutù, omi ti dín."
Ó ní, "Ó ń làágùn nìyẹn."
Mo ní, "Iṣan ọmọ yín ló ń làágùn sínú."
Kò béèrè mọ́.
Ó jókòó ti omi tó ń kán láti òkè,
ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan,
bó ṣe ń ṣọ́ iná ẹbu.

Bó bá pọ̀ jù, á rì í ní ẹ̀dọ̀fóró.
Bó bá kéré jù, ọkàn á gbẹ.
Wákàtí-wákàtí ni mo ń wọn ìtọ̀ ọmọ,
bí ẹni tó ń wọn epo tà.

Bùárí wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà, akunlé láti Gáà-Akánbí.
Ọjọ́ márùn-ún ló fi ń gbé oògùn ara ríro mì
kó lè parí ilé ẹnìkan kó tó di ọdún Iléyá.
Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé, ìgbẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí ọ̀dà ojú títì.
Ọ̀dà aláwọ̀ ewé wà ní apá rẹ̀.
Mo fọ̀ ọ́ títí. Kò lọ.

Ọjọ́ keje, Àjàrátù ní òun fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná.
Ìyá rẹ̀ gbàgbé wàrà, ó ti ń wá bàtà.
"Mo ń lọ dojú wọn dé," ó ní. "Gbogbo wọn pátá."

Àyè kan wà nínú ìwé wọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní àbájáde.
Fún Àjàrátù mo kọ: ó lọ sílé.
Mo sún sí ìlà Bùárí.
Bírò mi ti kọ "ó lọ"
kí ọwọ́ mi tó dúró.

Aago méjì ọ̀sán. Nǹkan jẹ mí lọ́rùn ẹsẹ̀.
Mo gbá a. N kò rí i.