Ohùn Tó Gun Òkè

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lábẹ́ ilé ìjọsìn kan ní Plzeň,
àwa mẹ́sàn-án máa ń jókòó sórí àga àwọn ọmọdé,
orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn lẹ́yìn wa bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Otýlie nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àti Radovan oníbúrẹ́dì
tí ìyẹ̀fun kì í tán ní ìpéǹpéjú rẹ̀,
àti èmi, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro,
tí n kò sì bá èrò sọ ju “Ẹ sún síwájú” lọ.

Khuê ni olùkọ́ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún.
Èékánná ló ń kùn fún àwọn obìnrin láti àárọ̀;
òórùn ọ̀dà ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.
Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sára pátákó: ma.
Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹfà, ó di nǹkan mẹ́fà:
iwin, ìyá, ṣùgbọ́n, sàréè, ẹṣin,
àti ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi.
Àwa náà pè é lẹ́ẹ̀mẹfà.
Iwin mẹ́fà ló jáde.

Iṣẹ́ mi ni mo fi rí i mú.
Èyí dọ́gba bí irin ẹ̀gbẹ́ odò.
Èyí gun òkè ilé ìwòsàn.
Èyí rọra ń sọ̀ kalẹ̀, èyí sọ̀ tán ó tún yọrí,
èyí ta gìrì níbi tí irin méjì ti dábùú ara wọn,
èyí: mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀!
Khuê rẹ́rìn-ín. Ó ní sàréè mi ti ń jọ sàréè.

Ṣùgbọ́n ohùn kọ́ ló dẹ́rù bà mí.
Mo bi í pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ‘èmi’?”
Ó wò mí. “Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?”
Bí ó bá jù yín díẹ̀, àbúrò ni yín: em.
Bí ó bá dàgbà gan-an, ọmọ-ọmọ ni yín: cháu.
Ẹni tí kò mọ àgbà rẹ̀
kò tíì lẹ́nu tí yóò fi sọ pé òun dé.
Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí.
Àwọn tó ń pè mí lọ́mọ ti sùn tipẹ́.

Nínú oṣù Kẹta, wọ́n rán wa jáde ní méjì-méjì.
Èmi àti Otýlie gun àtẹ̀gùn lọ bá Cụ Nhạn,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
lókè ìsọ̀ sálúbàtà ọmọ rẹ̀.
Ewé tía tô ń hù nínú ike yúgọ́ọ̀tì lójú fèrèsé;
yìnyín wà lẹ́yìn gíláàsì.
Láti ibùdókọ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kà á sínú:
Chúa yêu cụ. Olúwa fẹ́ràn yín.
Ẹnu ọ̀nà la dé, ọ̀nà ọ̀fun mi bá gun òkè ilé ìwòsàn.
Chúa yếu, ni mo wí.
Olúwa kò lókun nínú mọ́.

Otýlie tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.
Ìyá àgbà wò mí títí, ó wo yìnyín.
“Yếu à?”
Ó gbá orúnkún ara rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní òun náà.
Ó fẹsẹ̀ ti àga sí mi.
Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá yẹn,
ife mẹ́rin ló bu tíì sí.

“Cháu,” ó pè mí, “uống đi.”
Mo mu ún. Ó korò díẹ̀.
Ife kẹrin ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Khuê ní kí n pe yêu lẹ́ẹ̀mẹ́wàá,
kó dọ́gba, kó má ṣe yà.
Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó dọ́gba.
Ẹ̀ẹ̀kẹwàá, mo jẹ́ kó gun òkè.