Ẹni Tó Ń Kan Ògiri

Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré ní Sásíkátúù.
Irun imú mi le bí abẹ́rẹ́,
mọ́tò tí mo fi wáyà iná bọ̀ lẹ́nu láti alẹ́ kọ̀, kò dáhùn.
Síbẹ̀ a pé: èèyàn mọ́kànlá nínú pálọ̀ mi,
àjà kẹta, ilé bíríkì tó wà lẹ́yìn ilé epo,
bàtà yìnyín wa tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún sórí kápẹ́ẹ̀tì.
À ń ké, "Iná! Iná!"
Hítà abẹ́ fèrèsé kò sọ nǹkan kan.
Òun ló ń mú wa móoru.

Èmi ni olórí àwọn aláàdúrà.
Èmi ni mo ń kọ orúkọ ẹni tó pẹ́ dé,
tí mo ń fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ẹni tó bá tètè lọ.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún ààwẹ̀ mi nìyẹn,
mo sì ń fa ṣòkòtò sókè níwájú èèyàn
kí wọ́n lè sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mà rù o."

Aago kan ààbọ̀ òru la gbọ́ ọ.
Kò. Kò kò. Kò.
Láti ara ògiri, lẹ́yìn àga.
Mo ní, "Ẹ gbọ́! Ọ̀tá ti ń fèsì!"
Ògiri ní kò. A pàtẹ́wọ́ lé e.
Ògiri ní kò kò. A fẹsẹ̀ janlẹ̀.
Mo de ìró náà lókùn, mo dáná sun ún,
mo dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an wá.
Òógùn bò mí, ohùn mi ha,
mo sì ń gbádùn ara mi.
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: mo ń gbádùn ara mi.

Mopélọ́lá nìkan ló dìde.
Ó wọ kóòtù lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀,
torí aago mẹ́fà ló máa wọṣẹ́ nílé àwọn arúgbó.
Ó ṣílẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó jáde.
Mo ṣẹ́jú sí Bọ̀ọ̀dá Akíndélé: ẹ ò rí i?
Iná tiẹ̀ ti ń kú.
Mo mú bírò pupa.

Ilẹ̀ mọ́ kí n tó mọ̀.
Bàbá Ósítápù, ará Yukréènì tó múlé tì mí,
tó fún mi ní kùkúńbà oníyọ̀ nínú ìgò lọ́dún tó kọjá
(mo dà á nù, torí mi ò mọ ohun tó gbà sí i),
ló ṣubú nílé ìwẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́.
Ó fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri.
Ó ń gbọ́ tí à ń pe Jésù.
Ó rò pé ẹni tó ń pe Jésù á gbọ́ òun náà.

Mopélọ́lá bá a lórí táìlì tútù,
ó fi kóòtù bò ó, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.
Ó ń bá a sọ Yorùbá, bàbá ń fi èdè tirẹ̀ dáhùn,
títí áńbúláǹsì fi la yìnyín kọjá dé.
Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Wọ́n yọ owó rẹ̀.
Mo bi í pé àdúrà wo ló gbà.
Ó ní, "Mo ní, Olúwa, ẹ dákun.
Ìyẹn náà ni mo ráyè sọ."

Ìwé orúkọ yẹn ṣì wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.
Mo ti fi rọ́bà pa á, mo ti fi itọ́ nù ún,
ìlà pupa yẹn kò kúrò lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé mo lọ sí ọsibítù.
Bàbá wò mí, wò mí, kò dá mi mọ̀.
Mo ní, "Ẹ kúùrọ̀, sà. Ṣé ara ti ń le?"
Ó gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.
Ó ní, "Háà. Ohùn yẹn.
Mo mọ ohùn yẹn."