Ní Àgbàlá Glenys

Glenys ní kí n má dúró ṣánṣán:
lójú kangarúù, ẹni tó nà gàgàrà, ìjà ló ń wá.
Mo bá lóṣòó sínú erùpẹ̀ pupa,
ọkà díẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ó dé. Kò fò.
Ìrù ló fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀,
ó ń wọ́ bọ̀ bí àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
ọwọ́ kékeré méjì ká sí àyà
bí àlejò tí kò mọ ibi tí yóò gbé wọn sí.
Ètè rẹ̀ tutù.
Èékánná rẹ̀ dì mí lọ́rùn ọwọ́,
kò ha mí.

Mo béèrè ìyá rẹ̀.
Glenys nàka sí títì Wilcannia:
ọkọ̀ akẹ́rù, lóru, ọdún tó kọjá.
Inú àpò ikùn òkú ló ti yọ ọ́,
ó gbé e sínú àpò ìrọ̀rí, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
oṣù méje gbáko,
wàrà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin.

Nílé wa, ẹ̀yìn la ń pọn ọmọ sí,
ọmọ kì í rí ohun tí ìyá rẹ̀ ń kọjú sí.
Iwájú lèyí wà.
Ó rí iná ọkọ̀ náà.

Ọkà ti tán lọ́wọ́ mi.
Kò tíì tú mi sílẹ̀.